Ọmọ mi ń ka aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ mi obìnrin ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó mọ nọ́ńbà, ó ń kà dé ọgọ́rùn-ún láìṣì, ó sì mọ aago nígbà tí ọwọ́ gígùn bá wà lórí 12. Tí ọwọ́ náà bá ti kúrò níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dàrú. Lánàá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, mo bi í pé aago mélòó la wà. Ó wo ògiri títí, ó ní, "Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Mo ní kó tún un wò. Ohun kan náà ló tún sọ. Mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé, ohùn mi sì lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ló bá bú sẹ́kún. Láti àná ni kò ti fẹ́ gbójú sókè wo aago náà mọ́, ó sì ń dùn mí.

Ṣé ó ti pẹ́ jù ni, àbí ó ṣì kéré jù? Níbo ni kí n ti tún un bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Àwọn Kékeré

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọmọ yín kò pẹ́ rárá. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ilẹ̀ England, aago tó pé gééré àti ààbọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń bọ́ sórí ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ ni wọ́n ń retí pé kó ka ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Àsìkò tó yẹ gan-an ni ọmọ yín wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sọ dáadáa, nítorí ó ní ìdí. Ọwọ́ kúkúrú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 4, ó pè é ní mẹ́rin. Ọwọ́ gígùn wà lórí 10, ó pè é ní mẹ́wàá. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló kà. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò sì jọra. Àkọ́kọ́, kò mọ̀ pé ọwọ́ kúkúrú lè súnmọ́ 4 kí aago mẹ́rin má tíì lù. Èkejì, kò mọ̀ pé nọ́ńbà kan náà ń jẹ́ orúkọ méjì: 10 jẹ́ aago mẹ́wàá fún ọwọ́ kúkúrú, ó jẹ́ àádọ́ta ìṣẹ́jú fún ọwọ́ gígùn. Bí ẹ bá ń tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹkún ni yóò máa yọrí sí.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń yọ ọwọ́ gígùn kúrò pátápátá. Ẹ wá aago ògiri kan tí ẹ kò lò mọ́, ẹ ṣí gíláàsì iwájú rẹ̀, ẹ rọra fa ọwọ́ gígùn yọ. Bí kò bá sí, ẹ gé páálí rìbìtì, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ fi píìnì kan ọwọ́ kúkúrú kan ṣoṣo mọ́ ọn láàárín. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ kúkúrú nìkan ni kí ọmọ máa kà. Tó bá wà lórí 3 gan-an, aago mẹ́ta ni. Tó bá kúrò lórí 3 díẹ̀, aago mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Tó bá wà ní agbedeméjì 3 àti 4, aago mẹ́ta ààbọ̀. Tó bá ti fẹ́ kan 4, aago mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ọmọ tó bá mọ gbólóhùn mẹ́rin yìí ti mọ aago ju bí ẹ ṣe rò lọ, ìṣẹ́jú ló kù tí yóò fi kún un.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní ọwọ́ gígùn nítorí pé òun ló ń rìn tí ojú ń rí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọwọ́ kúkúrú ni aago, ọwọ́ gígùn kàn ń la ọ̀rọ̀ rẹ̀ yéni ni.

Atún-aago-ṣe

Òótọ́ ni olùkọ́ wa sọ, ìtàn aago fúnra rẹ̀ sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Àwọn aago àkọ́kọ́ tó ní ojú, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní. Ọ̀rúndún bíi mélòó kan ni àwọn èèyàn fi wo ọwọ́ kan yẹn tí wọ́n sì mọ àkókò tó tó wọn lò. Lẹ́yìn tí Christiaan Huygens ṣe aago tí irin ń mì lábẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1656 ni aago wá péye débi pé ọwọ́ ìṣẹ́jú ní ìtumọ̀, ìgbà náà ló sì wá di ohun tó wọ́pọ̀. Ọ̀nà tí aago gbà dàgbà ni ọmọ náà ń gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ká mi lára. Ẹ ṣọ́ra fún aago ìṣeré tí ọwọ́ méjèèjì kò so mọ́ ara wọn, tí ọmọ lè yí ọ̀kan kí èkejì má mira. Irú aago yẹn máa ń jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ gígùn sórí 6 kí ọwọ́ kúkúrú sì wà lórí 3 gbọn-in, kó ní aago mẹ́ta ààbọ̀ nìyẹn. Kò sí aago gidi tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú aago, àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín ló so ọwọ́ méjèèjì pọ̀: bí ọwọ́ gígùn bá yí ká lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ kúkúrú á sún láti nọ́ńbà kan dé èkejì. Ìdá kan nínú méjìlá ìrìn ọwọ́ gígùn ni tirẹ̀, kì í dúró, kì í fò. Páálí tí ẹ fi píìnì kàn dára fún ọwọ́ kan. Tó bá di ọwọ́ méjì, aago gidi ni kí ẹ lò.

Ẹ gbé aago kékeré olóbátìrì kan lé ọmọ lọ́wọ́, èyí tó ní ohun tí a fi ń yí i lẹ́yìn. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Ẹ ní kó yí ọwọ́ gígùn láti 12 padà dé 12, ṣùgbọ́n kó tẹjú mọ́ ọwọ́ kúkúrú. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà mẹ́wàá tó bá wù ú. Mo ti rí ọmọ tí ojú rẹ̀ là níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ kan. Aago àtijọ́ tó ń lù ni kí ẹ má fún un yí, pàápàá sẹ́yìn, ó lè ba ohun tó ń lù nínú rẹ̀ jẹ́.

Bàbá Ìbejì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Tèmi ni pé mo fi àwọ̀ kun àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé yàrá ni àlàfo kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tó ṣáájú ló ni ín. Láti 3 títí dé ẹnu ilẹ̀kùn 4, yàrá mẹ́ta ni. Ọwọ́ kúkúrú lè dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn mẹ́rin, kó ti na ọwọ́ mú un, bí kò bá tíì wọlé, aago mẹ́ta ló ṣì wà. Ọjọ́ kejì ni èyí àbúrò nínú wọn wí fún mi pé, "Dádì, kò tíì wọlé o, ó ń kanlẹ̀kùn."

Fóònù Lọwọ́

Ẹ má bínú, ọkàn mi ló ń bi mí. Fóònù ń kọ 3:50 gbangba, ọmọ á kà á bó ṣe ń ka nọ́ńbà. Ṣé ó pọn dandan kí ọmọ sunkún nítorí aago olójú rìbìtì?

Olùkọ́ Àwọn Kékeré

Ìbéèrè gidi ni, ẹ má tọrọ àforíjì. Ọmọ lè pe 3:50 láìmọ̀ bóyá ó ti súnmọ́ aago mẹ́rin tàbí ó jìnnà sí i. Nọ́ńbà lásán ni lójú rẹ̀. Ó tilẹ̀ lè rò pé lẹ́yìn 3:59 ni 3:60 kàn. Ojú rìbìtì ni ó ti ń rí bí àkókò ṣe tóbi: ó ń rí ìyẹn tó ti lọ, ó ń rí èyí tó kù. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lára ògiri, tó bá ka ọ̀kan, kó fi èkejì yẹ ara rẹ̀ wò. Nígbà náà, kò ní nílò wa láti sọ fún un pé ó ṣì í, òun fúnra rẹ̀ ló máa rí i. Ìyẹn nìkan máa ń dín ẹkún kù.

Ọmọ Oníṣirò

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ọwọ́ gígùn, nítorí èdè wa ní ohun kan tí a kì í lò.

Kí ọmọ tó lè ka ìṣẹ́jú, ó gbọ́dọ̀ lè ka márùn-ún márùn-ún dé ọgọ́ta. Ẹ jẹ́ kó fi ìka kan nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lójú aago bó ṣe ń kà á lóhùn rara: àrún, ẹ̀wá, ẹ̀ẹ́dógún, ogún, ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n, àrùndínlógójì, ogójì, àrùndínláàádọ́ta, àádọ́ta, àrùndínlọ́gọ́ta, ọgọ́ta. Orí 1 ló ti bẹ̀rẹ̀, orí 12 ló parí sí. Ogún wà lórí 4, ogójì wà lórí 8, ọgọ́ta wà lórí 12: ogún kan, ogún méjì, ogún mẹ́ta. Bí ọmọ bá ti mọ ibùdó mẹ́ta yìí, kò ní sọnù mọ́ lójú aago.

Ẹ wá wo orí 10 tó mú ọmọ ìyá wa sunkún. Orúkọ rẹ̀ ni àádọ́ta. Kí ni àádọ́ta? Ẹ̀wá ló dín nínú ọgọ́ta. Orí 11 ńkọ́? Àrùndínlọ́gọ́ta, àrún ló dín nínú ọgọ́ta. Nígbà tí a bá ní "aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ohun tí orúkọ àádọ́ta ti sọ tẹ́lẹ̀ la tún sọ. Àwọn tó ń ka nọ́ńbà lédè tí àádọ́ta ti jẹ́ "ẹ̀wá márùn-ún" gbọ́dọ̀ ṣírò kí wọ́n tó mọ iye tó kù. Ní ti ọmọ tiwa, inú orúkọ nọ́ńbà ni iye tó kù náà wà. Kódà orí 9: àrùndínláàádọ́ta. Àádọ́ta ti dín mẹ́wàá, a tún dín márùn-ún sí i, ẹ̀ẹ́dógún ló kù kí wákàtí pé.

Mi ò ní kí ẹ gbé gbogbo àlàyé yìí ka ọmọ ọdún mẹ́fà lórí. Ẹ kàn máa sọ méjèèjì tẹ̀ léra bí ẹ bá ń kà á fún un: "Àádọ́ta ìṣẹ́jú ti kọjá lára aago mẹ́ta, ó ku mẹ́wàá kí mẹ́rin lù." Etí rẹ̀ á so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sọ Yorùbá ni wọ́n ń kọ́ ní aago lédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tí ẹ̀bùn yìí sì ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ń dùn mí gan-an.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Èyí àárín nínú àwọn tèmi bi mí pé kí ló dé tí wákàtí jẹ́ ọgọ́ta ìṣẹ́jú, tí kò jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Mi ò rí nǹkan sọ.

Ọmọ Oníṣirò

Ẹ bá mi kí i, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Bábílónì àtijọ́ la ti jogún ọgọ́ta, torí ọgọ́ta ọgọ́ta ni wọ́n fi ń ṣírò. Ó rọrùn láti pín: ẹ lè pín in sí 2, 3, 4, 5, 6, 10, 12, kí ó má ṣẹ́ kù. Ẹ pín ọgọ́rùn-ún sí mẹ́ta wò, kò ní dọ́gba. Wọ́n tilẹ̀ dán ọgọ́rùn-ún wò rí. Lọ́dún 1793, ìjọba ilẹ̀ Faransé pàṣẹ pé kí ọjọ́ kan jẹ́ wákàtí mẹ́wàá, kí wákàtí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Àwọn èèyàn kò gbà á wọlé, nígbà tó fi di 1795, wọ́n ti pa á tì. Ẹ fún ọmọ ní ègé páálí ọgọ́ta, tàbí òkúta wẹ́wẹ́, kó pín in ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ìdáhùn á wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ka aago lẹ ń sọ. Ṣé ọmọ náà mọ bí ìṣẹ́jú kan ṣe gùn tó? Ọmọ lè ka aago láìṣì kó má mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àti wákàtí kan lára rẹ̀.

Kí ọmọ dijú, kí ìwọ máa wo aago. Kó gbé ọwọ́ sókè tó bá rò pé ìṣẹ́jú kan ti pé. Ọmọ kékeré á gbé ọwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín ín, ẹ tún un ṣe lọ́la. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó ka iye ìgbà tó lè fò láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kó mọ iye ìṣẹ́jú tó fi ń wọ bàtà, èyí tó fi ń wẹ̀. Àkókò á wá di ohun tó ń fọwọ́ kàn.

Èyí tó kù yìí, àwa àgbà ló bá wí. A máa ń ní, "Dúró, ìṣẹ́jú márùn-ún péré," a ó sì lo ọgbọ̀n. Ọmọ gbà wá gbọ́. Ó ti fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́kàn rẹ̀, àwa ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń tọ́ àwọn tèmi, mi ò mọ̀, ó sì dùn mí pé mi ò mọ̀. Ní báyìí, tí ọmọ ọmọ mi bá pè mí, mo máa ń tọ́ka sí ògiri: "Tí ọwọ́ gígùn bá kan 6, mo ń bọ̀." Bí ó bá kan 6, mo dìde, ohun yòówù tí mo ń ṣe. Òun ló kọ́kọ́ ń rí i báyìí. Á ní, "Màmá, ó ti kan 6!"

Ìyá Àkọ́bí, o ní ohùn rẹ lọ sókè. Lọ bá a, sọ fún un pé kò ṣe ohun tó burú, kí o sì fi aago sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Alábàágbé

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì tíì ye é. A ti ṣe gbogbo èyí.

Olùkọ́ Àwọn Kékeré

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè ka márùn-ún márùn-ún láìdúró. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ tí a ó máa rò pé aago ni. Bó bá sì jẹ́ pé ìṣirò mìíràn náà ń ni ín lára, bíi kó má mọ èyí tó pọ̀ jù nínú nọ́ńbà méjì, tàbí kó máa gbàgbé ohun tó kà lánàá, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa ìṣòro ẹ̀kọ́ ọmọdé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn ń gba nọ́ńbà lọ́nà mìíràn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìgbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀.

Bàbá Ìbejì

Kí n fi kékeré kún un: 14:00, 17:30 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ títí aago lásán á fi dúró dáadáa. Tó bá yá, "yọ 12 kúrò" ti tó.

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo ní kí n wá jíṣẹ́. Mo ṣe bí Màmá Àgbà ṣe wí, mo bẹ ọmọ mi, mo fi aago sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo yọ ọwọ́ gígùn aago àtijọ́ kan, mo gbé e kọ́ ibi tí ojú rẹ̀ tó. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò wò ó. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ń tẹ́ ibùsùn lọ́wọ́, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "Mọ́mì, aago méje ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù." Mi ò béèrè, òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo wo aago mìíràn tó ní ọwọ́ méjèèjì, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí méje lù.

Nígbà tí a dá ọwọ́ gígùn padà, a ń kà á bí Ọmọ Oníṣirò ṣe sọ, a ń fi ìka kàn án. Àádọ́ta àti àrùndínlọ́gọ́ta ti wọ̀ ọ́ lára. Èyí tó ṣì ń dà á láàmú ni aago mẹ́fà àti aago méjìlá ààbọ̀. Ó ń pe ọ̀kan ní èkejì, torí ọwọ́ kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ nínú méjèèjì. Kí ni kí n ṣe sí i?

Atún-aago-ṣe

Ẹ kú oríire, mà! Ẹ kun ọwọ́ kúkúrú ní pupa, kó sì fi ìka bo ọwọ́ gígùn mọ́lẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí aago bá jẹ́ mẹ́fà, pupa wà lórí 6 gbọn-in. Nígbà tó bá jẹ́ méjìlá ààbọ̀, pupa ti kúrò lórí 12, ó wà nínú yàrá, ó ti rìn dé agbedeméjì 12 àti 1. Kó ka pupa tán, kó tó ṣí ọwọ́ gígùn.